Bí A Ṣe Ń Fi Èèkù Tuntun Sí Ṣísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́

Bí ẹ bá rí ṣísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, irin tí káfíńtà fi ń gbẹ́ igi, tí wọ́n tẹ Sheffield (ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí fún irin) sí lára lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin n'Ílọrin, ẹ rà á, kódà bí kò bá ní èèkù. Irin rẹ̀ le dáadáa.

Ẹ wo ìdí irin náà, níbi tí èèkù máa ń wà. Bí ó bá rí ṣóńṣó, inú igi ló máa wọ̀. Bí ó bá ní ihò, igi ló máa wọ inú rẹ̀. Oníṣóńṣó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bà jẹ́, torí náà òun la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Igi emi ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ lo àyín. Ọmọ odó tó ṣẹ́ náà dára, torí ó ti gbẹ dénú, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ má fi igi tútù ṣe é lásìkò òjò: bí ọyẹ́ bá dé, igi á súnkì, èèkù á sì máa mì.

Ẹ lu ihò kí ẹ tó gbẹ́ èèkù. Mo tún un sọ: ihò ni àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gbẹ́ èèkù tán kí wọ́n tó lu ihò, wọ́rọ́wọ́rọ́ ni irin wọn máa ń dúró. Bí ihò bá ti wà nílẹ̀, òun lẹ ó máa wò gbẹ́ igi yí ká.

Bíìtì méjì lẹ ó lò. Èyí tó ṣe déédéé ẹnu ṣóńṣó náà á lọ dé ìsàlẹ̀. Èyí tó tóbi jù ú lọ á dé ìdajì péré. Lẹ́yìn náà, ẹ gé òrùka lára páìpù omi àtijọ́, kí ẹ fi há ẹnu igi kó má baà là.

Ẹ fi ọwọ́ ti irin wọlé. Ó yẹ kí ṣóńṣó rẹ̀ ku bíi sẹ̀ǹtímítà 1 níta. Bí ó bá kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fẹ ihò sí i. Ẹ má fi òòlù fipá mú un, igi á là. Ẹ wá di èèkù mú lókè, kí irin máa rọ̀ sísàlẹ̀ láìkan nǹkan kan, kí ẹ fi òòlù onígi lu ìdí èèkù. Irin á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé ẹnu rẹ̀ lé sìmẹ́ńtì láé.

Àwọn kan máa ń fi iná mú ìdí irin gbóná kó lè jó ọ̀nà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi àkísà tútù wé ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu yẹn bá ti yí sí àwọ̀ aró, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bó ti wù kí ẹ pọ́n ọn tó, kò ní pẹ́ kú.

Ẹ gbẹ́ èèkù bó ṣe bá ọwọ́ yín mu, ẹ fi sáńpépà pa á, ẹ fi òrí ra á.

Ti oníhò kò le. Ẹ fi èédú kun inú ihò, ẹ ti igi bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ́ ibi tó bá dúdú títí yóò fi bá a mu yí ká. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín èjìká igi àti ẹnu irin, kó lè ráyè wọlé sí i bí ẹ bá ti ń lù ú lẹ́nu iṣẹ́.