Bí kọ̀nténà mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ owó ìpamọ́ ní Àpápá

Kọ̀nténà táìlì mi àkọ́kọ́ lo ọjọ́ 19 ní Àpápá. Owó tí mo san jẹ èrè mi tán. Èmi rò pé ejẹ́ńtì ló ń rẹ́ mi jẹ, àfìgbà tí mo tẹ́ ìwé owó náà sórí káńtà ṣọ́ọ̀bù mi l'Órílé. Gbèsè méjì ni! Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó ni ọgbà èbúté, torí ẹrù gba ilẹ̀ wọn. Ìkejì, demurrage, ti àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, torí kọ̀nténà wọn tí mi ò tètè dá padà. Ọjọ́ ọ̀fẹ́ wọn ò dọ́gba, bí ọjọ́ sì ṣe ń gorí ọjọ́ ni owó ojúmọ́ ń ga.

PAAR, ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó orí ẹrù, ló dá wa dúró: orúkọ ẹrù lórí Form M, ìwé ìkẹ́rùwọlé tí à ń gbà ní báǹkì, kò bá ti ìnfóìsì mu.

Fún kọ̀nténà mi kejì, mo yẹ ìwé méjèèjì wò lọ́rọ̀ kan sí èkejì, mo sì kó o fún báǹkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú òkun. Mo tún bẹ ẹni tó ń ta táìlì fún mi ní Ṣáínà kó gba ọjọ́ ọ̀fẹ́ 14 lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó di ẹrù. Ó gbà á. Àṣé ẹnu lásán ló ná mi!

Ẹrù jáde lọ́jọ́ kẹrin. Tírélà tó já a gan-an ló dá òfìfo kọ̀nténà padà.