Ibi tí ọ́síjìn 18 wa ń bá lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń se zirconium nínú omi ọ́síjìn 18 (omi tí ọ́síjìn inú ẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ), bí àmì ọ́síjìn náà ò bá hàn dáadáa, ẹ yẹ omi wò kẹ́ ẹ tó dá irin lẹ́bi.

Iṣẹ́ náà ò lọ́jú pọ̀. Zirconium yìí, irin tí wọ́n fi ń wé epo núkílíà, la kọ́kọ́ fi omi lásán sè títí ìpẹtà fi bò ó, ká tó pààrọ̀ sí omi 18. Ọ́síjìn ló máa ń la ìpẹtà kọjá lọ bá irin, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló yẹ ká ti bá 18 jọ, níbi tí ìpẹtà ti kan irin gan-an. Nínú ọ́síjìn ayé, 18 ò ju nǹkan bí 0.2% lọ; ó yẹ kó yọ kedere lójú ẹ̀rọ SIMS, tó máa ń họ ojú irin díẹ̀díẹ̀ láti wọn ohun tó wà nísàlẹ̀. Tiwa kàn ga díẹ̀ báyìí ni.

Ìgbà tí mo gbé omi tó ṣẹ́ kù lọ wọ̀n ni àṣírí tú. Omi lásán ti sá pamọ́ sínú páìpù tín-ín-rín tó lọ sí géèjì, òun ló ń bu omi olówó gọbọi wa là.

Mo mú ìkòkò tá a fi ń se irin náà gbóná lófìfo, mo fi pọ́ǹpù fa ọ̀rinrin inú ẹ̀ tán, páìpù géèjì náà ò gbẹ́yìn. Mo fi omi 18 díẹ̀ ṣàn án, mo sì dà á nù (ó dun ọ̀gá wa wọra). Àmì náà wá ga sókè, ibi tó yẹ ló sì wà.

Ní báyìí, à ń bu omi pamọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn ìdánwò, a sì ń dé e kíákíá, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà máa ń bà á jẹ́.