Ẹ má fi múdù kó nọ́ńbà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín Python àti Pascal

Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Wuse ń ka mítà iná. Ètò tó ń ṣírò owó, Pascal, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ni wọ́n ti fi kọ ọ́ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni wọ́n gbọ́. Mítà tí wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á mú nọ́ńbà 35,040 jáde lọ́dún. Ẹgbẹ̀rún mítà á lé ní mílíọ̀nù 35. Ní báìtì 8 fún ọ̀kan, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 280 ni gbogbo ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù lásán gbé e. Kí ló wá dé tí iṣẹ́ náà fi ń fà?

Lúùpù ni, àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí Pascal máa béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ Python lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà tó bá béèrè, Python á dá nǹkan tuntun sínú mẹ́mọ́rì, wọ́n á yẹ irú rẹ̀ wò, wọ́n á yí i padà, wọ́n á sì jù ú nù. Ẹni tó fẹ́ kó àpò gààrí láti Kubwa lọ Wuse, tó ń bù ú ní múdù kan, tó ń wọ ọkọ̀ lọ, tó ń wọ ọkọ̀ bọ̀, òun náà nìyẹn. Ẹ má sì rò pé kí ẹ kọ́kọ́ sọ array (nọ́ńbà tí wọ́n tò tẹ̀ léra) di list Python ló máa gbà yín: nínú CPython (Python tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò) onibit 64, nọ́ńbà onídẹ́símà kan ń jẹ báìtì 24, list tún ń fi báìtì 8 tọ́ka sí i. Mẹ́gábáìtì 280 ti lé ní gígábáìtì kan nìyẹn.

NumPy, irinṣẹ́ Python fún ọ̀pọ̀ nọ́ńbà, ti to nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ léra nínú mẹ́mọ́rì. Àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ wọn àti iye wọn ni kí ẹ fún Pascal, kí fọ́ńṣàn rẹ̀ gbà á bíi PDouble, ìyẹn àdírẹ́sì nọ́ńbà Double. Ẹ kọ cdecl (ìlànà ìpè ti èdè C) sí fọ́ńṣàn náà, ẹ sì kọ argtypes (irú ohun tí fọ́ńṣàn ń gbà) fún ctypes, irinṣẹ́ tí Python fi ń pe fọ́ńṣàn èdè mìíràn. Bí ẹ bá fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ bíi nọ́ńbà lásán láìkọ argtypes, ctypes á gé e mọ́ bit 32.

Àṣìṣe tó ń falẹ̀, ojú á rí i. Èyí tó ń purọ́, tó ń mú nọ́ńbà èké jáde, ni kí ẹ bẹ̀rù. Integer nínú Free Pascal (ẹ̀yà Pascal kan, bíi Delphi) jẹ́ bit 16 bí ẹ kò bá yan mode kankan, 32 ní mode objfpc tàbí delphi. Int NumPy sì jẹ́ 64 lórí Linux. Extended, nọ́ńbà onídẹ́símà Pascal mìíràn, jẹ́ báìtì 10 lórí Windows onibit 32, ó di 8 nínú Delphi onibit 64. Double pẹ̀lú float64, Int64 pẹ̀lú int64: ẹ má jáde kúrò níbẹ̀. Bákan náà, `array of array of Double` kò tẹ̀ léra. Ìlà kọ̀ọ̀kan wà níbi tirẹ̀. Array gígùn kan ṣoṣo, tí ìlà i àti òpó j wà ní ipò i * cols + j (cols ni iye òpó), ló dára jù.

Bí ẹ bá kọ a.T láti sọ ìlà di òpó, NumPy kò gbé nọ́ńbà kankan kúrò níbi tó wà, bí wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀ náà ni Pascal á rí i. Ẹ lo np.ascontiguousarray, tó ń tún un tò tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n ẹ fún èsì rẹ̀ lórúkọ kí ẹ tó mú àdírẹ́sì. Bí kò bá lórúkọ, Python lè ti kó o dànù kí Pascal tó kà á. Lápá ti Pascal, SetLength, tó ń yí gígùn array padà, náà lè gbé array lọ síbòmíràn nígbà tí Python ṣì ń wo ibi àtijọ́.

Ẹ̀yin tó ń gba orí fáìlì kọjá, ẹ fi CSV (fáìlì tó ń kọ nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀) sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ti Niamey wá, tí wọ́n tò sí Faransé, kọ́mà ni StrToFloat rẹ̀, fọ́ńṣàn Pascal tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ń retí níbi tí ẹ kọ àmì ìdá (.) sí. Ẹ lo tofile ní NumPy àti BlockRead ní Pascal, ẹ sì kọ Reset(f, 1) kí ó lè máa ka báìtì kan kan, torí báìtì 128 ni Pascal ń lò bí ẹ kò bá sọ iye. Fáìlì np.save ní àkọlé níwájú, ẹ fò ó kọjá.

Ó ku ọ̀kan tí kì í jọ ọ̀rọ̀ array rárá: 0/0 nínú NumPy á fún yín ní nan (ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà) pẹ̀lú ìkìlọ̀ lásán, ṣùgbọ́n bí Pascal ló bá gbé Python ṣiṣẹ́, ó lè dá gbogbo ètò dúró. SetExceptionMask, nínú unit Math ti Pascal, tó ń dènà ìdádúró bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.