Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú wíwọn àyíká àti ìdábùú igi

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé téèpù là ń yí igi po, tí a sì ń fi 3.1416 pín àyíká kó lè di ìdábùú. Owó kì í ṣòfò níbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé téèpù lé, àti bí wọ́n ṣe fà á, ni owó ti ń jò.

1. Fífi àyà ara ẹni ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ní ká wọn igi níbi tó bá àyà mu, ni gìrìpá àti ràrá bá ń gbé téèpù sí àyà tiwọn. Mítà 1.3 sí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, mítà 1.37 ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ gé ọ̀pá kan sí 1.3 gééré, ẹ gbá ewé kúrò ní ìdí igi, ẹ gbé ọ̀pá tì í, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Kí ló ń tini lójú nínú gbígbé ọ̀pá rìn?

2. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: apá òkè ni ká ti wọn gíga náà, kì í ṣe apá ìsàlẹ̀. Bí igi bá tẹ̀, kí ọ̀pá tẹ̀ lé ara igi níhà ibi tó tẹ̀ sí.

3. Téèpù tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn igi. Èyí ló ń bí wa nínú jù. Ẹnì kan ṣoṣo á dojú kọ igi ńlá, á di orí téèpù mú níwájú, á ju ìyókù gba ẹ̀yìn, á fà á, á kà á, ó tán. Kò yí igi po láti wo ẹ̀yìn. Ẹ mú igi tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50: àyíká rẹ̀ jẹ́ 157.1. Bí téèpù bá fi dígírì 10 tẹ̀, yóò ka 158.3. Bó bá fi 20 tẹ̀, ó di nǹkan bí 162, ìdábùú di 51.6, ojú igi, bí a bá gé e, sì ti fi bí ìdá 6.5 nínú 100 fẹ̀ lórí ìwé. Ẹni tó ń rà á ló máa san án. Ẹ má sì sọ pé bí igi bá ti pọ̀, àṣìṣe á pa ara rẹ̀ rẹ́: téèpù tó tẹ̀ tàbí tó dẹ̀ kì í dín iye kù láé, ṣe ló ń fi kún un.

Ìtàkùn tó wé mọ́ igi ńkọ́? Ohun tó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 yí igi ká ń fi 6.28 kún àyíká, ìbáà ṣe igi ńlá ìbáà ṣe kékeré. Igi tó jẹ́ 10 ní ìdábùú á di 12. Ẹ gba téèpù abẹ́ ìtàkùn, ẹ gbọn èèpo tó ti ṣí dànù, kí téèpù dábùú ara igi gan-an, kó le, kí ẹnì kejì sì wà lẹ́yìn. (Àwa tí a ń pariwo yìí náà, bí òjò bá ṣú, ọwọ́ wa máa ń yá jù.)

Gbòǹgbò tó dúró bí ògiri ní ìdí igi: ẹ má yí téèpù po ó. Ẹ gòkè kọjá ibi tó parí sí, sẹ̀ǹtímítà 30 ni àwọn kan ń lò, 50 ni àwọn mìíràn. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ kókó ló wà ní 1.3, ẹ wọn òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìjìnnà kan náà, kí ẹ pín in sí méjì.

Pàlàkà tó bá wà nísàlẹ̀ 1.3, igi méjì nìyẹn. Tó bá wà lókè rẹ̀, igi kan ni.

Téèpù aránṣọ máa ń nà, ó sì ń ka iye tó dín. Ẹ fi sílẹ̀ fún aránṣọ.

Ẹ tún wo ojú téèpù yín. Téèpù ìdábùú ti ṣe ìpín náà fún yín: sẹ̀ǹtímítà 3.1416 ni wọ́n kọ 1 sí lára. Àwọn kan á ra irú rẹ̀, wọ́n á ka 50, wọ́n á tún fi 3.1416 pín in. Ó di 15.9, ojú igi, bí a bá gé e, sì dín kù ní bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹlòmíràn á ka ojú àyíká, á kọ ọ́ sí ìdábùú, tirẹ̀ á sì wú ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ yẹ orí téèpù wò pẹ̀lú: kì í ṣe gbogbo téèpù ni òdo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí irin.

Kálípà (irin ẹlẹ́nu méjì tó ń gbá igi mú láti wọn ìdábùú): igi kì í sábà rí róbótó. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí èkejì dábùú èkíní, kí ẹ sì mú àárín wọn.

Ti ìṣirò ló kù. Igi kan 20, èkejì 60, ẹnì kan á sọ pé 40 ni àárín, á sì ṣírò igi 40 méjì. Ojú igi 40 méjì, bí a bá gé e, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2,513 níbùú lóròó. Ti 20 àti 60 jẹ́ 3,142. Ẹ ṣírò igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀.