Bí mo ṣe to brane D3 mẹ́rin pọ̀ tí supersymmetry ò fi tán

Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé fún mi ní Àgọ́-Ìwòyè kò ju ìlà méjì lọ: kí n to brane D3 mẹ́rin sínú ìhà (dimension) mẹ́fà, kí n sì fi ìṣirò hàn iye supersymmetry, ìbáradọ́gba tó so boson mọ́ fermion, tó ṣẹ́kù. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sàn-án, alẹ́ ni mo ń ráyè ṣe é, bẹ́ẹ̀ iná kì í dúró. Bírò àti ìwé ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹni tó fẹ́ bá mi lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ò pọ̀. String theory ni èrò pé okùn tíntìntín ni gbogbo nǹkan fi ṣe. Irú IIB rẹ̀ ní ìhà 9 ti àyè, àkókò ni ìkẹwàá. Ó ní supercharge 32, àwọn ló ń sọ boson (irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́) di fermion (irú èyí tí electron jẹ́), tí wọ́n sì ń sọ fermion di boson. Brane D3 tẹ́ lọ ní ìhà mẹ́ta, òun ni ẹnu okùn lè lẹ̀ mọ́. Ní 1995, onímọ̀ físíìsì Joseph Polchinski fi hàn pé irú brane bẹ́ẹ̀ ló ń gbé charge Ramond-Ramond, irú charge kan nínú string theory. Ẹ gbé ẹyọ kan ṣoṣo kalẹ̀, supercharge 16 ti lọ, 16 ló kù.

Tí ìkejì bá dé, ẹ ka ìhà tí ọ̀kan nínú wọn gbà tí èkejì ò gbà. Tó bá jẹ́ 4, supercharge 8 á kù. Tó bá jẹ́ 2 tàbí 6, òfo ni. Ọwọ́ àwọn matrix gamma (àtẹ nọ́ńbà, ìhà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀) ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn la fi ń kọ àdéhùn tí brane kọ̀ọ̀kan gbé ka spinor, àkójọ nọ́ńbà tó dúró fún àwọn supercharge. Ẹ so gamma ìhà méjì tí wọ́n fi yàtọ̀ pọ̀, kí ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀: −1 ló máa jáde, kò sì sí spinor kankan tó lè gba irú àdéhùn yẹn. Ẹ so mẹ́rin pọ̀, +1 ni. Ìdajì spinor á gbà, ìdajì á kọ̀. Gbogbo ìwé ló kọ èyí, síbẹ̀ mo tún fọwọ́ ara mi ṣe é, torí àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo tó lè da gbogbo rẹ̀ rú.

Mo wá to wọn. Ìkínní gba ìhà 1, 3, 5. Ìkejì gba 1, 4, 6. Ìkẹta gba 2, 3, 6. Ìkẹrin gba 2, 4, 5. (Bàbá onílé mi rí àwọn ìlà tí mo fà, wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti ra ilẹ̀ ni?” Mo ní ó kù díẹ̀, bàbá.) Ẹ mú èyíkéyìí méjì: ìhà kan péré ni wọ́n jọ ní, 4 ni wọ́n fi yàtọ̀. Méjì-méjì, gbogbo wọn yege. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á rò pé iṣẹ́ ti parí.

Àdéhùn brane mẹ́ta àkọ́kọ́ gé 32 sí 16, sí 8, sí 4. Nígbà tí mo wá so àwọn àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 1, 3 àti 6 fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù ni 2, 4, 5, àdéhùn brane ìkẹrin gan-an, tòun ti àmì rẹ̀! Brane ní ojú àti ẹ̀yìn bí aṣọ òkè. Èyí tí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀ ni anti-brane. Kí ìkẹrin tó dé, ẹ lè yí ìkejì tàbí ìkẹta bó ṣe wù yín, iye tó kù ò ní yí padà. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n ti pinnu ojú tí ìkẹrin gbọ́dọ̀ kọ.

Nígbà tí iná dé, mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, yẹ̀ ẹ́ wò: gamma 32 sí 32, mo mú ìdajì tó ní chirality kan (bóyá ti ọ̀tún tàbí ti òsì), mo sì ka trace, àròpọ̀ tó ń sọ iye tó kù, lẹ́yìn àdéhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, torí nọ́ńbà complex, tó ní apá méjì, ni spinor náà. Ó gbé 16, 8, 4, 4 jáde. Mo yí àmì ìkẹrin nìkan: 16, 8, 4, 0.

Tí ẹ bá ká ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú torus, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yí padà sára rẹ̀ bí òrùka, black hole (ohun tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú rẹ̀) ni àkójọ méjèèjì, èyí tó ní 4 àti èyí tó ní 0, máa dà, ìwọ̀n ooru àwọn méjèèjì sì jẹ́ òdo. Èyí tó ní 4 ni kíka ìpò inú rẹ̀, ìyẹn iye ọ̀nà tí inú rẹ̀ lè gbà tò, rọrùn, torí supersymmetry kì í jẹ́ kí iye náà yí bí agbára ìsopọ̀ okùn ṣe ń pọ̀ sí i. Irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ físíìsì Strominger àti Vafa lò ní 1996 láti ka ìpò inú black hole. Èyí tó ní 0 ò ní ààbò yẹn, òun sì ni ọ̀gá mi ní kí n gbé tẹ̀ lé e.