Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Akọ̀ròyìn Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Àìmọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́ ló sábà ń ba iṣẹ́ akọ̀ròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹ́. Èèyàn lè kọ́ ìyẹn. Gbígba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ọjà gbọ́ láìwádìí ló léwu jù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Theranos, iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Elizabeth Holmes, tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2003, sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá gbà lórí ìka ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò. Àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá ń gbé àwòrán rẹ̀ síwájú ìwé. Fortune ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2014. Ìbéèrè tí kò le rárá ni wọn ò tẹnu mọ́: ta ló ti yẹ ẹ̀rọ yìí wò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, èsì rẹ̀ dà? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, John Carreyrou ti ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú àṣírí pé ẹ̀rọ tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣe ni Theranos fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò rẹ̀. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹnusọ. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ló wá lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ dá Holmes lẹ́bi jìbìtì. Nítorí náà, ẹ má kàn tún àtẹ̀jáde iléeṣẹ́ tò kí ẹ wá pè é ní ìròyìn.

Ẹ̀rọ tí ẹ fọwọ́ kàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bátìrì rẹ̀ ò tíì ráyè dójú ti ẹnikẹ́ni. Bí iléeṣẹ́ bá san owó ọkọ̀ òfuurufú yín, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀. Ẹ má sì da Mb (megabit) pọ̀ mọ́ MB (megabyte), tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀: íntánẹ́ẹ̀tì 100 Mb/s kò lè gbé ju 12.5 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń jìyà rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, iléeṣẹ́ ìròyìn Vice gbé fọ́tò John McAfee, ẹni tó dá iléeṣẹ́ ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà McAfee sílẹ̀, jáde nígbà tó ń sá fún àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Belize. Fóònù tí wọ́n fi yà á ti kọ ibi tí wọ́n wà sínú fáìlì náà, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́. Kíá ni gbogbo ayé mọ̀ pé Guatemala ló sá sí. Òṣìṣẹ́ tó ta yín lólobó lè má ní owó agbẹjọ́rò bíi ti McAfee. Ẹ má gbà kó fi ímeèlì tàbí kọ̀ǹpútà ibiṣẹ́ kàn sí yín. Ọ̀gá rẹ̀ lè rí gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì gbé ìwé àṣírí tó fún yín jáde bó ṣe wà, torí àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi àmì tó yàtọ̀ sára ẹ̀dà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá), ìkànnì ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ CNET fi kọ àpilẹ̀kọ 77 nípa owó. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ti ní láti ṣàtúnṣe sí 41 nínú wọn. Ọ̀kan sọ pé ẹni tó bá fi $10,000 sí báǹkì ní èlé 3% máa jèrè $10,300 lọ́dún kan. $300 ni èrè ọ̀hún gan-an! Bí irú rẹ̀ bá ti jáde lọ́wọ́ yín, ẹ má tún un ṣe ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìròyìn náà: ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó jẹ́ òótọ́, àti ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe.