Bí a ṣe ń kó ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin àwọn Àgùdà tí wọ́n ti tì pa jọ

Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ni a jáde kẹ́yìn. Lọ́dún tí a wọ kíláàsì àṣekágbá, kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn wa mọ́. Agogo ń lù, àwa nìkan ló ń dá lóhùn. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kó ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà jọ, ohun tí mo sì fẹ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé kó má bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé. Èèyàn ni kó kọ́kọ́ lọ bá. Ìwé tó wà nínú àpótí lónìí lè ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Olùkọ́ tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún kò lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Brọ́dà kan, ìyẹn ọkùnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ nínú ẹgbẹ́ onísìn Àgùdà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àlùfáà, wà tó kọ́ wa ní ìṣirò. Mo ní kí n kọ́kọ́ ka rẹ́jísítà tán, kí ìbéèrè tí màá bi í lè gún régé. Oṣù mẹ́ta ló gbà mí. Nígbà tí mo dé ilé tí àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wọn ń gbé, ó dì mí lọ́wọ́ mú, inú rẹ̀ dùn, ó sì ń fi orúkọ ọmọ mìíràn pè mí. Gbogbo orin Màríà tí a máa ń kọ láàárọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ti kúrò ní iyè rẹ̀. Títí di òní, ó ń dùn mí. Nítorí náà, ẹ tètè lọ. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì kí ó máa gba ohùn sílẹ̀, ẹ sọ fún àgbà pé ẹ ń gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ títí á fi sú u. Ẹ má bi í pé, “Báwo ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe rí?” Ẹ bi í pé, “Ta ló ń lu agogo? Ibo ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọsìn máa ń wà?” Ìbéèrè kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá mọ ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà ló jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù. Òmíràn jẹ́ ti ìjọ kan, òmíràn sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn Brọ́dà tàbí Fádà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé ni ìwé máa ń bá lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn tí kò yẹ lè fi ọdún kan gbáko dúró lásán. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ àwọn olùkọ́ yín. FSC ni àwọn Brọ́dà tí Jean-Baptiste de La Salle dá sílẹ̀ ní ìlú Reims ní 1680. CFC ni ti Edmund Rice, tó bẹ̀rẹ̀ ní Waterford ní Ireland ní 1802. FMS ni àwọn Marist, ti Marcellin Champagnat, 1817. CFX ni ti Theodore Ryken ní Bruges, 1839. SJ ni àwọn Jesuit, SDB sì ni àwọn ọmọ Don Bosco. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ẹgbẹ́ náà, ẹ béèrè ẹ̀ka tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kí ẹ sì béèrè ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ báyìí, torí pé bí àwọn Brọ́dà ṣe ń dín kù ni wọ́n ń da ẹ̀ka méjì mẹ́ta pọ̀, ìwé á sì ṣí lọ sí ìlú mìíràn, nígbà mìíràn sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ohun kan tó dà mí lọ́kàn rú fún ìgbà pípẹ́ ni orúkọ. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá di Brọ́dà máa ń gba orúkọ tuntun. Lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà gbogbo ayé ṣe, ọ̀pọ̀ wọn padà sí orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún wọn. Ẹ wá fi orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́ kún un, ẹnì kan ṣoṣo á di mẹ́ta nínú ìwé yín. Mo ti fi olùkọ́ kan ṣe èèyàn méjì rí fún odindi ọdún kan. Ẹ ṣí ojú ìwé kan fún Brọ́dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó dé àti ọdún tó lọ.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ni ìwé wà, òfin Ìjọ 487 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibi ìpamọ́ ìwé dáyósìsì, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń bójú tó, láìgba àṣẹ, nítorí náà ẹ má kàn yọjú lójijì. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ sì dárúkọ ohun pàtó tí ẹ ń wá: lẹ́tà tó fọwọ́ sí ìdásílẹ̀, àwòrán ilé tí ayàwòrán-ilé yà, ìwé ìpàdé ọdún tí wọ́n pinnu láti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Lẹ́tà tó bá ní “gbogbo ohun tí ẹ bá ní” kì í tètè rí èsì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tì í pa ńkọ́? Èèyàn mẹ́ta sọ ọdún mẹ́ta fún mi, mo sì rò pé àwọn méjì ṣìnà. Gbogbo wọn ló tọ̀nà. Ọ̀kan sọ ọdún tí wọ́n ṣe ìkéde tí wọn kò sì gba ọmọ tuntun mọ́, ọ̀kan sọ ọdún tí àwa jáde, ẹ̀kẹta sọ ọdún tí wọ́n fa ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ọdún kọ̀ọ̀kan dúró fún. Tó bá jẹ́ pé wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, ẹ wá àwọn ife-ẹ̀yẹ àti rẹ́jísítà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà.

Lórí ìdí tó fi kógbá sílé, ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní ìdí kan ṣoṣo ni. Ní ọjọ́ kan náà, 28 oṣù kẹwàá 1965, ni Póòpù Paulu Kẹfà gbé ìwé méjì jáde ní Ìgbìmọ̀ Vatican: ọ̀kan gbé ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà ga, èkejì ní kí àwọn ẹgbẹ́ onísìn padà yẹ ìdí tí olùdásílẹ̀ wọn fi dá wọn sílẹ̀ wò. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé sì dín kù. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn Brọ́dà lé ní 12,000 ní 1965. Ní 2020, wọn kò tó 4,000. Ó kan owó gan-an. Brọ́dà kì í gba owó oṣù bí i ti olùkọ́ mìíràn, ojú kan ni wọ́n ń gbé, ìkòkò kan ni wọ́n ń jẹ. Olùkọ́ tó rọ́pò rẹ̀ ní aya, ó ní ọmọ, ó sì yẹ kó gba owó tó tó o. Owó ilé-ẹ̀kọ́ gòkè, ọmọ dín kù, òrùlé sì ń jò. Ìwé ìṣírò owó, tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé iye ọmọ, lọ́dọọdún, ni yóò fi bí nǹkan ṣe lọ hàn yín.

Àwòrán ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ má fi bírò kọ nǹkan sẹ́yìn àwòrán àtijọ́, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú lè ríran gbà kọjá lé ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ fa ìlà yí orí kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ẹ wá gbé e lọ síwájú àgbà mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má baà darí ẹnì kejì. Orúkọ tí méjì bá fẹnu kò lé lórí ni kí ẹ kọ. Lórí àwòrán ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa kan, ọmọ kẹtàdínlógún ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà ní èjìká ẹni tó kàn án. A ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ lè bá ohun tó korò pàdé: ọmọ tí wọ́n lù kọjá ààlà, ọmọ tí wọ́n hùwà ìbàjẹ́ sí. Ẹ má gbé e pamọ́ nítorí iyì ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ tẹ́tí sí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ gbà á gbọ́ débi pé ẹ ó sọ ibi tó ti lè rí ìrànlọ́wọ́ fún un, kí ẹ má sì kọ orúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ní kí ẹ kọ ọ́. Èsì ìdánwò ẹnikẹ́ni pẹ̀lú, ẹni tó ni ín nìkan ni kí ẹ fi hàn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan fún ibi ìpamọ́ ìwé ẹgbẹ́ tó ni ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ilé-ìkàwé ìlú tí ó wà, ọ̀kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ẹ fi ojú ìwé mẹ́wàá sílẹ̀ lófìfo ní ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú ojú ìwé wọ̀nyẹn ni mo ti rí àtúnṣe méje gbà láàárín ọdún àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn wá láti ọwọ́ ọmọbìnrin ẹni tó máa ń lu agogo.